Táyà Tó Lè Sáré, Ṣé Ó Lè Ru Obì?

Mo ń fi yíǹkì pupa sàmì sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ọmọkùnrin tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olóbì, nítorí obì ni ó ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí ó sì ń kó o lọ sí Èkó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà," ni ó wí, ó sì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ wá wo ohun tí mo rà."

Ó ṣí bóòtù ọkọ̀. Táyà mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, wọ́n dúdú bí kóró iṣin, wọ́n fẹ̀, ìlà tí ó wà lójú wọn kò sì pọ̀. Ó ní táyà àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje ni, tòkunbọ̀ láti òkè òkun, àti pé ẹni tí ó tà á fún òun búra pé kò sí èyí tí ó lágbára tó o ní gbogbo Èkó.

Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gùn. Ó ní orí fóònù ni òun ti máa ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń to kóònù, irú èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń gbé sójú títì, sórí pápá gbalasa tí wọ́n ti da ọ̀dà sí. Ọkọ̀ á máa gba àárín àwọn kóònù wọ̀nyí kọjá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi aago wo bí ó ti yá tó. Ẹni tí ó bá wó kóònù kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kún tirẹ̀. Autocross ni wọ́n ń pe eré náà, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ SCCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, sì wà lára àwọn tí ń ṣètò rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa sanwó láti gbé ọkọ̀ wọn lọ sí ojú ọ̀nà ìje gidi, èyí tí ó yí po, kí wọ́n lè sáré níbẹ̀ láìsí ọlọ́pàá lẹ́yìn wọn. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lọ sí pápá ní ọjọ́ Àìkú.

"Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣe irú rẹ̀, Tíṣà. Ṣùgbọ́n n kò lówó táyà eré lọ́tọ̀, táyà iṣẹ́ lọ́tọ̀. Èyí tó bá lè sáré, ṣebí yóò lè rìn?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kò jẹ́ kí n lè padà sídìí ìwé mi. Mo ní kí ó gbé táyà kan sọ̀ kalẹ̀, kí a jọ kà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa rẹ́rìn-ín pé ṣé táyà wá di ìwé ni. Ìwé ni. Ẹni tí ó ṣe táyà kọ ohun gbogbo tí ó yẹ kí á mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa, àti tíṣà àti oníṣòwò, ni kì í wo ẹ̀gbẹ́ náà rí àfi bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jò. Èmi náà kì í wò ó tẹ́lẹ̀. Ìyà ni ó kọ́ mi.

Ní 2018, mo ra táyà tòkunbọ̀ méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ tàbí ìlú tí ó ti ń tajà. Táyà náà ń dán, eyín wọn sì jìn. Owó wọn kò tó ìdajì owó tuntun, mo sì ń fi ara mi yangàn pé mo mọ ọjà rà. Oṣù kejì ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ wálé ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń jó ojú ọ̀dà. A kò tíì dé Òrù tí mo fi gbọ́ gbàù lẹ́yìn. Ìdí ọkọ̀ gbá lọ sí òsì bí ẹni pé ènìyàn fi okùn fà á. Èmi náà tún wá fi ìwà òmùgọ̀ kún un, mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni a bá ara wa. Ọmọ náà kò fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ìyàwó mi dá. Aṣọ ni ó ń rán, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò sì lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Títí di òní, bí ọyẹ́ bá mú, yóò máa fi ọwọ́ òsì pa apá náà.

Fọganáísà kan tí ó wá bá wa yọ táyà náà ni ó ṣàlàyé ohun tí mo rà fún mi. Ó fi ìka tọ́ mi sí inú eyín táyà kejì tí kò tíì bẹ́: wọ́n ti fi irin gbígbóná gbẹ́ ẹ jìn sí i, débi pé wáyà inú rẹ̀ ti ń yọjú ní ibì kan. Lẹ́yìn náà ni ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi òǹkà mẹ́rin hàn mí: 0409. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ọdún 2009. Táyà náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo gbé ìyàwó àti ọmọ mi lé e lórí. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pẹ̀lú pé bí táyà bá bẹ́, a kì í tẹ búrẹ́ẹ̀kì lójijì. Ńṣe ni à ń di ọwọ́ ọkọ̀ mú dáadáa, tí a ó mú ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, títí tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ìyá Olóbì gbé táyà rẹ̀ kalẹ̀, òǹkà mẹ́rin yẹn ni mo kọ́kọ́ wá. Ẹ wá lẹ́tà DOT, kí ẹ máa tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Òǹkà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni òǹkà náà máa ń wà, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sínú ni. Tirẹ̀ ka 3515.

"Ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì, ọdún 2015," ni mo wí. "Nígbà tí wọ́n ṣe táyà yìí, ìwọ ṣì wà ní kíláàsì mi, o kò sì tíì mọ bí a ṣe ń pín ìdá."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. Àjọ SON tí ń rí sí ìpéye ọjà ní Nàìjíríà sọ pé ọdún mẹ́rin ni táyà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bóyá ó rìn bóyá kò rìn. Ní òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ kan a máa fi ọdún mẹ́wàá ṣe òpin fún tiwọn, ṣùgbọ́n oòrùn tiwọn kì í ṣe tiwa. Rọ́bà a máa gbẹ bí awọ ìlù. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ rí àwọn ìlà tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ arúgbó tí kò fi òróró pa á, ọjọ́ ti lọ lórí táyà náà.

Ohun kejì ni ìwọ̀n. Ara táyà rẹ̀ ni a kọ 205/50 R15 86V sí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, Corolla ni, mo sì fi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó ilẹ̀kùn hàn án: 195/65 R15 91H. Ìyẹn ni èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fẹ́. Mo fún un ní pẹ́ńsùlù.

Òǹkà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Èkejì kì í ṣe mìlímítà rárá. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà ni, òun ni ó sì ń sọ gíga ẹ̀gbẹ́ táyà. R ni ọ̀nà tí wọ́n gbà to okùn inú rẹ̀, 15 sì ni ínṣì rìmù tí yóò wọ̀. Ọmọ náà ṣe ìṣirò rẹ̀, kò sì ṣì í: ẹ̀gbẹ́ táyà tí ọkọ̀ náà fẹ́ ga tó nǹkan bí mìlímítà 127, ti èyí tí ó rà kò ju 102 àti ààbọ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú dára fún eré, nítorí kì í tẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń kọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí tí ó wà láàárín kòtò àti rìmù náà ni ó kúrú yẹn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àwọn kòtò tí ọkọ̀ agbégẹdú wa ń gbẹ́ sójú ọ̀nà láti inú igbó wá sí ibi ìlagi yóò mọ ohun tí mo ń wí. Táyà náà lápapọ̀ sì tún kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí mìlímítà 48, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí géèjì ọkọ̀ bá sọ pé 100 ni ó ń sá, nǹkan bí 92 ni ó ń sá lóòótọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ́tí sí èyí tí ó kàn. 91 àti 86 yẹn kì í ṣe òǹkà lásán. Ẹrù tí táyà kan lè rù ni. 91 túmọ̀ sí kìlò 615. 86 túmọ̀ sí kìlò 530. Kìlò 85 ni ó fi dín lórí táyà kan, bí a bá sì pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kìlò 340. Táyà eré ìje tí wọ́n ní ó lágbára jù ní gbogbo Èkó kò lè ru ẹrù tó táyà jẹ́jẹ́ tí ó bọ́ kúrò. Ẹni tí ń sáré ìje kì í kó obì. Òun nìkan ni ó máa ń jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, yóò tiẹ̀ ti yọ jáàkì àti gbogbo ẹrù bóòtù sílẹ̀ kí ó tó wọ pápá.

Lẹ́tà tí ó kẹ́yìn ni eré tí táyà lè fara dà: H jẹ́ kílómítà 210 ní wákàtí kan, V jẹ́ 240. Èyí ni ó máa ń wọ àwọn ọ̀dọ́ lójú jù, ṣùgbọ́n 100 ni òfin gbà fún ọkọ̀ ara ẹni lórí ọ̀nà márosẹ̀ wa. V kò ní kí táyà má bẹ́ nínú kòtò.

Ibi tí ó dùn mí jù láti ṣàlàyé fún un ni ọ̀rọ̀ rọ́bà gan-an, nítorí pé mo rí i pé ó ń wá ohun gidi, ẹni tó tà á fún un ni kò sọ òtítọ́. Ẹ wo ibi tí a kọ TREADWEAR sí lára táyà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa kọ ọ́. Tirẹ̀ jẹ́ 200, èyí tó wà lára ọkọ̀ mi jẹ́ 400, ìtumọ̀ èyí sì ni pé lórí ọ̀nà tí wọ́n fi dán wọn wò, tèmi yẹ kí ó pẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì méjì wá. Ṣọ́ọ̀kì tí ó rọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ pátákó, ìwé rẹ̀ a sì hàn ketekete, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ gbólóhùn mẹ́rin, ó ti tán. Èyí tí ó le a máa pẹ́, ṣùgbọ́n a máa yọ̀. Báyìí ni rọ́bà táyà rí. Àwọn ẹgbẹ́ eré mọ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òfin pé ẹni tí ó bá wà ní ìsọ̀rí ọkọ̀ tí à ń lò lójú títì kò gbọ́dọ̀ lo táyà tí òǹkà rẹ̀ kéré sí 200, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé rọ́bà tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ wá síbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Autocross kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Nítorí náà táyà tí wọ́n ń wá ni èyí tí yóò di ilẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ sí ojú ọ̀nà ìje gidi lè sáré fún ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Ooru a máa wọ inú táyà lọ, táyà tí ó dára fún eré ìṣẹ́jú kan a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ẹ ò rí i pé àwọn eléré pàápàá kò fi ọ̀kan ṣe méjèèjì bí wọ́n bá lówó rẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń di táyà eré sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n á dé pápá kí wọ́n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè láti pààrọ̀ rẹ̀, tí wọ́n á sì tún pààrọ̀ rẹ̀ padà kí wọ́n tó lọ sílé.

Ohun kan ń bẹ tí wọ́n ń ṣe tí mo fẹ́ràn. Wọ́n a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí èjìká táyà, níbi tí ojú rẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sáré tán, wọ́n á wò ó. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti parẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí kò bá parẹ́ dé etí rárá, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Èmi tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì jẹun láti ọdún yìí wá, n kò mọ̀ pé ó wúlò báyìí.

Òjò wá ńkọ́? Ìlà ojú táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni gọ́tà tí omi ń gbà jáde. Bí gọ́tà bá kéré, omi a dúró láàárín rọ́bà àti ọ̀dà, ọkọ̀ a sì máa léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, kò ní gbọ́ ti ọwọ́, kò ní gbọ́ ti búrẹ́ẹ̀kì. Nínú eré Formula One, táyà tí ojú rẹ̀ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ni wọ́n ń lò bí ilẹ̀ bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí òjò bá dé wọ́n á sáré pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ó ní gọ́tà. A kò lè ṣe ìyẹn ní ọ̀nà Èkó ní oṣù kẹfà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé mo ń fi ẹ̀rù ba ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, 2005. Ọkọ̀ ogún ni ó yẹ kí ó sáré Formula One ní ọjọ́ náà. Mẹ́rìnlá nínú wọn ń lo táyà Michelin. Ṣùgbọ́n nígbà ìdánrawò, táyà ọkọ̀ Ralf Schumacher já sílẹ̀ ní kọ́nà kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dagun, ọkọ̀ rẹ̀ sì lọ kọlu ògiri. Ilé iṣẹ́ náà yẹ táyà wọn wò, wọ́n sì sọ fún gbogbo ayé pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé táyà tí àwọn kó wá lè fara da kọ́nà yẹn. Nígbà tí àkókò tó, ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì yà sílé. Ọkọ̀ mẹ́fà péré ni ó sáré níwájú ọ̀pọ̀ èrò tí wọ́n ti sanwó. Àwọn tó gbọ́n jù lórí ọ̀rọ̀ táyà láyé nìyẹn o; kọ́nà kan ṣoṣo ni ó fi hàn wọ́n pé táyà wọn kò bá ilẹ̀ náà mu, wọn kò sì tijú láti gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa níbí, eré mọ́tò kan wà ní Côte d'Ivoire tí wọ́n ń pè ní Bandama. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó parí rẹ̀. Nígbà tí eré náà wá di ara ìdíje àgbáyé ní 1978, Peugeot 504 ni Jean-Pierre Nicolas fi gba ipò kìíní. Ẹ̀yin àgbà mọ 504 dáadáa, ọkọ̀ tí ó gbé àwọn bàbá wa kiri. Lórí ilẹ̀ pupa àti ẹrẹ̀, ọkọ̀ tí ó yá jù lọ kò ní kí ó gba ipò kìíní bí kò bá lè fara da ọ̀nà.

Ibi tí a dé nìyí nígbà tí Ìyá Olóbì fúnra rẹ̀ yọ sí wa. Ó ti ń wá ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀. Mo kí i, ó ní kí n má dìde. Ó wo táyà tí ó wà nílẹ̀, ó wo ìwé tí ọmọ rẹ̀ ti kọ ìṣirò kún, ó sì bi mí pé:

"Tíṣà, èwo nínú gbogbo òǹkà wọ̀nyí ni yóò gbé èmi àti obì mi dé Èkó ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀?"

Mo wo ọmọ náà. Ó sọ ojú nílẹ̀. Mo mọ̀ pé nígbà tí ó ń ra táyà náà, kò rántí pé ìyá rẹ̀ ni yóò máa jókòó lé e lórí.

Màmá náà ní nígbà ayé ọkọ òun, kò sí gbogbo wàhálà òǹkà yìí. Dúńlọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe ní Ìkẹjà ni wọ́n ń rà. Òótọ́ ni ó sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Dunlop ti ní ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí Michelin sì ní tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin ti tirẹ̀ pa ní 2007, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni Dunlop náà kò ṣe táyà mọ́ níbẹ̀. Iná mànàmáná tí ó wọ́n àti táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè wà lára ohun tí ó lé wọn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí pé nínú igbó wa níhìn-ín ni igi ìrẹ́ wà, tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà. Lẹ́yìn tí John Boyd Dunlop ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast ní 1888, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà kiri. Ní nǹkan bí 1895 àwọn ènìyàn ya wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá láti máa kọ ìrẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ débi pé àwọn igi náà kú. Rọ́bà ti lọ, ilé iṣẹ́ ti lọ, ohun tí ó kù fún wa ni kí a máa ra ohun tí ọkọ̀ ojú omi bá já sílẹ̀.

Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò tiẹ̀ gbà kí wọ́n máa kó táyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ti lò wọ ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i tí wọ́n tò ó bí ẹ̀bá lójú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì jẹ́ táyà tí wọ́n ṣe fún ìgbà yìnyín: ẹ ó rí àwòrán òkè tí ìràwọ̀ yìnyín wà láàárín rẹ̀ lára wọn. Rọ́bà ìyẹn rọ̀ nítorí òtútù. Ní ilẹ̀ wa ó máa ń gbóná ju bó ti yẹ lọ, ó sì máa ń jẹ kíákíá. Tuntun pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn tí ń kó o wọlé a máa ki táyà kan bọ inú òmíràn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọkọ̀ lè gba púpọ̀. Bí ẹ bá rí táyà tuntun tí ẹnu rẹ̀ tí ń wọ rìmù ti wọ́, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ojú ibi tí ó ti ká, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Mo gba Ìyá Olóbì níyànjú pé kí wọ́n ra tuntun tí òǹkà rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn mu. Ó ní owó mẹ́rin kò sí. Mo ní kí wọ́n ra méjì, kí wọ́n sì fi wọ́n sẹ́yìn. Èyí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí iwájú ni gbogbo wa ń fi táyà tuntun sí. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀, awakọ̀ lè mọ̀ lára ọwọ́ kí ó sì dẹ ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ ti yí kí ó tó mọ̀. Èmi tí mo ti wọ oko ẹ̀gẹ́ rí ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ní ti méjì àtijọ́ tí ó kù níwájú, kí wọ́n wo àwọn òkìtì kéékèèké tí ó wà nínú ìlà ojú táyà. Bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ku mìlímítà 1.6 péré, ó ti tó gbé sọnù.

Ọmọ náà wá béèrè, pẹ̀lú ohùn kékeré, pé eré rẹ̀ ti wá parí nìyẹn. Mo ní rárá. N kò rí ibi nínú eré náà bí ẹni tó ni pápá bá gbà, tí àwọn ọlọ́pàá mọ̀ sí i, tí akoto wà lórí, tí kò sì sí òǹwòran nítòsí kọ́nà. Kí ó fi táyà jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní eré yìí pàápàá ń sọ bẹ́ẹ̀. Táyà jẹ́jẹ́ a máa ké kí ó tó yọ̀, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ a sì máa gbọ́. Táyà eré a máa di ilẹ̀ mú, di ilẹ̀ mú, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó kọ́ èdè táyà rẹ̀ fún ọdún kan. Bí owó bá wá dé, kí ó ra tuntun mẹ́rin fún pápá nìkan.

Ẹni tó ta mẹ́rin àkọ́kọ́ náà kò gbà wọ́n padà. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé Ìyá Olóbì, mo sì ti ní kí wọ́n da nǹkan bò wọ́n kí omi òjò má baà di ilé ẹ̀fọn.

Ní ìdájí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, mo gba ibẹ̀ kọjá kí n tó lọ sílé ìwé. Mo mú géèjì afẹ́fẹ́ mi dání, nítorí kí táyà tó rìn ni à ń wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bó bá ti gbóná, òǹkà á lé, a ó sì máa tan ara wa jẹ. Àpò obì ti wà ní bóòtù. Mo na géèjì sí ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdí táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fóònù rẹ̀.

"Tíṣà, 29 ni. Ilẹ̀kùn sọ pé 32."

Ìyá rẹ̀ ti jókòó níwájú, ó ń ka owó. Ó ní kí á yára, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọmọ náà kò dá a lóhùn. Ó ti lọ gbé pọ́m̀pù.